Ẹgbẹ́ Ẹyẹ Tí Mo Wọ̀

Níbi tí mo ti wá, tí èrò bá dúró sójú kan tí gbogbo wọn ń wo ibì kan náà, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ kọlu ọlọ́kadà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n mú olè. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ìgboro Ọ̀wọ̀ títí dé àwọn ìletò tó wà lápá Ọ̀sẹ̀, irú èrò bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń fún mi ní iṣẹ́ ọjọ́ náà. N ó kàn sún mọ́ wọn, n ó bi ẹni àkọ́kọ́ tó bá wojú mi pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Nítorí náà, nígbà tí mo rí àwọn àgbàlagbà òyìnbó kan tí wọ́n tò sétí òkun nínú òtútù, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sọ̀rọ̀, mo gbà pé ènìyàn ló rì. Mo ti ń ki ọwọ́ bọ àpò láti wá bírò kí n tó rántí pé kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ń retí ìròyìn lọ́dọ̀ mi mọ́. Mo bi obìnrin tó wà lẹ́yìn pátápátá.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹyẹ ni," ó ní.

"Kí ni ẹyẹ ṣe?"

"Ó dé."

Mo dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti parí rẹ̀.

Mágí lorúkọ obìnrin náà. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń wà kó tó fẹ̀yìn tì. Ó gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn lé mi lójú láìbéèrè bóyá mo fẹ́. Mo wò. Omi, ẹrẹ̀, òkúta. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà rìn.

"Láti ibo ló ti wá?" mo bi í.

"Láti òkè réré, níbi tí yìnyín kì í yọ́. Ìgbà òtútù nìkan la máa ń rí i níbí, kì í sì í ṣe lọ́dọọdún."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó wá jẹun. Oúnjẹ ti tán níbi tó ti wá."

Mo sọ fún un pé ohun tó gbé èmi náà wá nìyẹn. Ó wò mí dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí fúláàsì rẹ̀. Ọbẹ̀ gbígbóná ló wà nínú rẹ̀. Ó bu díẹ̀ fún mi pẹ̀lú búrẹ́dì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọbẹ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ẹni tí kò ní ìyá.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé ìlú náà. Ẹni tó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò ì tíì rìn ín kò ní gbà mí gbọ́. Ìlú kékeré kan ni, létí òkun, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, alábòójútó wa ka orúkọ ìlú mi jáde nínú ìwé mi. Ó ní, "Owó." Mo ní rárá, owó ni mo wá wá, Ọ̀wọ̀ ni mo ti wá. Kò yé e, mi ò sì lè ṣàlàyé rẹ̀. Àwa gan-an nílé, Ọ̀ghọ̀ là ń pe ìlú náà. Èdè Ọ̀ghọ̀ yìí náà ni èmi àti àwọn ará ilé mi sọ nínú gbogbo ohun tí ẹ ó kà níwájú. Mo kọ ọ́ báyìí kí ará Ọ̀yọ́ àti ará Ẹ̀gbá lè bá wa gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà kò kọjá agbára mi. Mo ń wẹ àwọn arúgbó, mo ń bọ́ wọn, mo ń yí wọn padà lórí ibùsùn. Ohun tó kọjá agbára mi ni kí n máa pe wọ́n lórúkọ. Obìnrin tó ju ìyá mi lọ, kí n dúró níwájú rẹ̀ kí n ní, "Dóró, ṣé o sùn dáadáa?" Ẹnu mi kọ̀ ọ́. "Mummy" ni mò ń pè é, títí alábòójútó fi pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe ìyá rẹ," ó ní.

"Mo mọ̀, mà."

"Èmi náà kì í ṣe mà."

Dóró fúnra rẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ní kí n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn tó yẹ kó máa pè mí bẹ́ẹ̀ kò kúkú wá." Nílé, ǹ bá fi gbólóhùn yẹn ṣe àkọlé ìròyìn. Níbẹ̀, mo kó aṣọ ìdọ̀tí, mo sì jáde.

Ohun tó ṣòro jù ni ọjọ́ ìsinmi. Ní Ọ̀wọ̀, o ò lè rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé títì kí ènìyàn má kí ọ, kó sì bi ọ́ pé níbo lò ń lọ. Mo ti bínú sí ìbéèrè yẹn rí. Mo ti kà á sí àtojúbọ̀. Ní ìlú òyìnbó yìí, mo lè rìn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ mọ ibi tí mò ń lọ. Ọjọ́ kan wà tí mo sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá mi, kí n kàn lè mọ̀ bóyá ohùn mi ṣì ń jáde.

Ìyá mi ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, níbi tó ti ń dá oko kòkó àti iṣu. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń pè é, nígbà tó bá ti oko dé. Ìbéèrè mẹ́ta ló ní, kì í sì í yí wọn po. Ṣé mo ti jẹun? Òtútù ńkọ́? Ta ló wà lọ́dọ̀ mi? Mo máa ń dáhùn méjì àkọ́kọ́. Tó bá kan ẹ̀kẹta, mo máa ń sọ pé kò sí ẹnìkankan, òun náà á ní Ọlọ́run wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń ronú lé ìdáhùn yẹn títí di Sátidé tó ń bọ̀.

Mágí fi nọ́ńbà mi sínú gúrúùpù Wọ́sáàpù wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá ẹyẹ tí kì í sábà wá síbẹ̀ nígbà òtútù, kí wọ́n sì ké sí ara wọn tí wọ́n bá rí i. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ra. Irú ẹyẹ wo, níbo, ta ló rí i. Kò sí ọ̀rọ̀ àsọdùn. Olóòtú tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Àkúrẹ́ ì bá fẹ́ràn wọn. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá sì rí ẹyẹ, wọn kì í gbà á títí ẹlòmíràn yóò fi rí i.

Ìròyìn àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ ni ti ẹyẹ funfun ńlá kan lórí ọgbà wáyà. Kọ́líìn, tó máa ń pín lẹ́tà kiri kó tó fẹ̀yìn tì, gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo ti rí i. Ọ̀rá ni."

Odindi oṣù kan ni wọ́n fi bá mi ṣeré. Tí mo bá ti dé etí omi, ẹnì kan á bi mí, "Ọ̀rá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti fò lọ?" Mágí ní òun gbọ́ pé wọ́n ti rí ọmọ rẹ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà, kò tíì sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àlejò ni wọ́n kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ẹyẹ kékeré kan lórí iyanrìn, ara rẹ̀ funfun, orí rẹ̀ sì dà bíi kòkó tó gbẹ. Mo yà á ní fọ́tò kó má di ti ọ̀rá mọ́. Kọ́líìn dé, ó wò ó títí, ó sì kọ orúkọ ẹyẹ náà àti orúkọ tèmi síbẹ̀. Ó fi kún un pé: "Mo rí i. Òótọ́ ni." Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn nínú bọ́ọ̀sì, mo tún kà á nígbà tí mo délé. Nígbà tí Sátidé dé, mo ti ní ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta ìyá mi.

"Ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Òtútù ńkọ́?"

"Ó wà, mà, ṣùgbọ́n ó ti ń mọ́ mi lára."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Mo ti rí àwọn ènìyàn, Màámi. Mo ti wọ ẹgbẹ́ kan."

"A dúpẹ́. Ẹgbẹ́ wo? Ṣé ẹgbẹ́ akọrin?"

"Rárá, mà. Ẹgbẹ́ ẹyẹ."

Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

"Ẹgbẹ́ kí ni o pè é?"

"Ẹyẹ, mà. A máa ń pàdé ní ìdájí létí omi, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa."

"Ní ìdájí."

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ránṣẹ́ sí àwọn yòókù, gbogbo wa á sì dé."

"Ta lolórí yín?"

"Obìnrin kan ni. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè kọjá lókè kó má rí i."

"Ṣé ìwọ lo wá a lọ, àbí òun ló pè ọ́?"

"Òun ló pè mí, mà."

"Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Wọn ò gba nǹkan kan, mà. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n tilẹ̀ fún mi lóúnjẹ."

"O jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, fóònù já.

Mo tún un pè. Ó dún títí, kò gbé e. Mo pè lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta, kò gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Bọ̀sẹ̀dé, ló padà pè mí. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Ọ̀wọ̀, bó ṣe ń bá ọmọ kíláàsì sọ̀rọ̀ náà ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Kí lo sọ fún Màámi?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. A jọ sọ̀rọ̀ dáadáa ni."

"Ó gun ọ̀kadà wá bá mi kí n tó jí. Ó ní wọ́n ti mú ọ."

"Ta ló mú mi?"

"Àwọn ẹlẹ́yẹ."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti fi ro ọ̀rọ̀ náà kí n tó sọ ọ́, ibẹ̀ sì ni ó ti bà jẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ àwọn tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́yẹ. Wọn kì í sọ̀rọ̀ àjẹ́ sókè nílé wa. Ẹyẹ ni wọ́n máa ń sọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀sẹ̀dé kò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Mo ti rẹ́rìn-ín tèmi tán kí n tó pè ọ́," ó ní. "Tún un sọ fún ara rẹ. Ẹgbẹ́ ẹyẹ. Ìdájí. Etí omi. Arúgbó obìnrin lolórí. Òun ló pè ọ́, o sì jẹ oúnjẹ wọn. Akọ̀ròyìn ni ọ́, o ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ?"

"Fún un ní fóònù kí n ṣàlàyé."

"Kò ní gbà á. Ó ní títí o ó fi kúrò láàárín wọn, òun ò ní bá ọ sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí òun bá sọ sí ọ létí, àwọn ni yóò gbọ́ ọ. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, má rò pé inú ló bí i."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Sọ pé o ti kúrò. Ó tán."

"Mi ò tíì kúrò."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Tó bá tún bi mí pé ta ló wà lọ́dọ̀ mi ńkọ́?"

Ó pòṣé. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìwọ àti orí kunkun rẹ. Fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ kí n fi hàn án."

Mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọjọ́ tí kùrukùru pọ̀ ni mo yà á. Aṣọ òtútù dúdú ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n fi ìbòrí rẹ̀ bo orí mọ́lẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni kò hàn. Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀sẹ̀dé fi ohùn ránṣẹ́ sí mi.

"Àbúrò, o ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ní kí ló dé tí wọ́n wọ dúdú. Ó ní kí ló dé tí ẹnìkankan nínú wọn kò wo ẹni tó ń ya fọ́tò, tí gbogbo wọn ń wòkè. Mo ní ẹyẹ ni wọ́n ń wò. Ó ní òun mọ̀."

Ìyá mi kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sílé. Wọ́n ti ń dárúkọ mi nínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó ń lọ. Ó tún lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alájà kan tó ń ta aṣọ ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, kí àwọn náà lè fi mí sínú àdúrà tiwọn ní mọ́sáláṣí. Bọ̀sẹ̀dé tẹ̀ lé e lọ, ó sì ròyìn ohun tí Alájà sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an fún mi.

"Ìyá Bọ̀sẹ̀dé, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ tèmi tó wà lókè òkun, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sáré ló wọ̀. Wọ́n á jí láàárọ̀, wọ́n á máa sáré lójú títì. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn."

Ìyá mi ní, "Tiwọn dára, Alájà. Wọn ò fò."

Mo sọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ẹ̀rín ni. Kì í ṣe ẹ̀rín. Sátidé ń dé, Sátidé ń lọ, mò ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó ń dún, kò sì sẹ́ni tó ń gbé e. Mo mọ bí yàrá rẹ̀ ṣe rí. Mo mọ̀ pé orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni fóònù náà máa ń wà, àti pé ó jókòó sí tòsí ibẹ̀, ó ń wo orúkọ mi títí iná ojú fóònù yóò fi kú.

Mo rò ó dáadáa bóyá kí n kúrò nínú gúrúùpù náà. Kò ṣòro, èèyàn á kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Ìyá mi á gbé fóònù, á bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta, èmi náà á padà máa sọ pé kò sí ẹnìkankan. Tí mo bá sì dúró níbẹ̀, mo ní àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ fún pé mo ní wọn kò ní gbé fóònù. Nílé, a máa ń sọ pé ẹnì kan ní ẹgbẹ́, kò ní ẹgbẹ́, a kì í sì í rò ó. Ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ ilé-ìwé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti bá ọ kí o tó mọ̀ pé o nílò wọn. Lókè òkun, ọwọ́ ara rẹ lo fi ń wá a, èyí tó bá sì gbà ọ́ ni tìrẹ. Ẹyẹ ló gbà mí. Ká ní àwọn tó ń gun àpáta ló kọ́kọ́ fún mi lọ́bẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ǹ bá wà.

Àárín oṣù Kejìlá ni Kọ́líìn kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ tó mú kí fóònù gbogbo wa máa dún láìdákẹ́. Orúkọ òyìnbó tó pe ẹyẹ náà kò sọ nǹkan kan fún mi. Ó ní: "Pápá màlúù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyọ kan. Èmi àti Mágí la rí i." Àwọn kan kọ ọ́ pé àwọn ti ń bọ̀. Ẹnì kan ní òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, iṣẹ́ mi sì parí ní ọ̀sán. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọkọ̀ ti tò lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Àwọn kan wá láti ìlú tó jìn. Mo bi ọkùnrin kan tó ń gbọ̀n bóyá ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Láti àárọ̀. Ìyàwó mi rò pé ilé onísègùn eyín ni mo wà." Òmíràn ní, "Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń wá a ní apá ibí yìí. Ṣé o mọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó?" Mo ní mi ò mọ̀.

Mágí pè mí wá síbi awò rẹ̀. Mo fi ojú sí i.

Màlúù mẹ́fà tàbí méje ló wà nínú pápá náà, wọ́n ń jẹ koríko tútù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, ẹyẹ funfun kan ń rìn bọ̀, ó ń na ọrùn síwájú, ó ń fà á padà, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù.

Lékèélékèé ni.

Mo yọ ojú kúrò níbẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi yíjú wò mí.

"O mọ̀ ọ́n?" Mágí bi mí.

"Mo mọ ìdílé rẹ̀."

Mo ṣàlàyé fún wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ìjàgbà, lápá Ọ̀sẹ̀, ni mo ti máa ń lo ìsinmi ọdún. Tí àwọn màlúù bá dé sínú koríko gbígbẹ, lékèélékèé á tẹ̀ lé wọn, àwọn mìíràn á gun ẹ̀yìn màlúù bí èrò ọkọ̀. Nígbà tí mo dàgbà tí mo di akọ̀ròyìn, mo kọ nípa màlúù àti oko lápá ibẹ̀ títí ó fi sú mi. Lékèélékèé wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mò ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò. Mi ò dárúkọ rẹ̀ rí.

"Kò sẹ́ni tó máa ń lọ wò ó?" Mágí bi mí.

"Àwọn ọmọdé nìkan. Tí wọ́n bá ń fò lọ sùn nírọ̀lẹ́, a máa ń sáré tẹ̀ lé wọn nísàlẹ̀, a máa ń ju ìka sókè sí wọn."

"Kí lẹ fẹ́ gbà?"

"Èékánná funfun."

Ó ronú sí i. "Ṣé wọ́n máa ń fún yín?"

"Tó o bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kúrò.

Mo pe Bọ̀sẹ̀dé lórí fóònù, èyí tó ń gbé àwòrán. Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ló máa ń wà ní Sátidé lásìkò kòkó, láti bá ìyá wa kó èyí tí wọ́n sá. Ó gbé e. Mo rí ojú rẹ̀, mo rí kòkó lórí ẹní lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo kọjú fóònù sí pápá, mo sì sún un mọ́ awò Mágí kí ẹyẹ náà lè hàn.

"Kí nìyẹn?" Bọ̀sẹ̀dé ní. Lẹ́yìn náà ó ké sẹ́yìn. "Màámi, ẹ wá wo lékèélékèé."

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lókèèrè. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ.

"Lékèélékèé wo? Kí ni mo fẹ́ fi lékèélékèé ṣe, nígbà tí kòkó wà nílẹ̀?"

"Inú fóònù ló wà, mà."

"Kí ló ń wá níbẹ̀?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lórí yanrìn. Mo rí àgbọ̀n rẹ̀, lẹ́yìn náà mo rí ojú rẹ̀ kan. Ó wo ẹyẹ náà títí.

"Bi ẹni tó wà nínú fóònù pé níbo nìyẹn."

"Ó ní níbo nìyẹn," Bọ̀sẹ̀dé ní.

"Ìlú tí mo wà ni, mà."

"Ó ní ìlú tí òun wà ni."

"Mo gbọ́ ọ. Mi ò dití. Bi í pé ta ló gbé e dé ibẹ̀."

"Ó fò wá fúnra rẹ̀," mo ní.

Bọ̀sẹ̀dé kò wulẹ̀ tún un sọ mọ́.

"Bi í pé ṣé òtútù yẹn ò ní pa á."

"Ó rí oúnjẹ jẹ, mà. Ó máa yè é."

Mo rọra yí fóònù kí ó lè rí àwọn tó dúró síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, oòrùn ràn díẹ̀, wọ́n ti ṣí orí sílẹ̀, ojú wọn sì hàn, imú wọn pọ́n. Mágí wà níwájú, ó dé fìlà pupa. Ó na ọwọ́ rẹ̀ lásán sínú òtútù, ó ń ju ìka sókè sí ẹyẹ náà.

"Arúgbó yẹn ńkọ́?"

"Òun lolórí ẹgbẹ́ wa, mà."

"Kí ló ń fi ọwọ́ ṣe?"

"Ó ń tọrọ èékánná lọ́wọ́ lékèélékèé."

Mi ò mọ ohun tó wà lójú ìyá mi lákòókò yẹn, nítorí pé àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló tún hàn nínú fóònù. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Sọ fún un kó yí ọwọ́ padà. Èékánná ló ń kọjú sí i, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Mágí. Mágí bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyá mi ni. Ó yí ọwọ́ padà lójú ẹsẹ̀. Kọ́líìn rí i, òun náà bọ́ ìbọ̀wọ́. Ọkùnrin tó pa irọ́ eyín fún ìyàwó rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Lékèélékèé náà wò wá, ó gbéra, ó fò kọjá lókè orí wa, ó lọ bà lẹ́yìn màlúù tó wà lápá kejì.

"Ó tó," ìyá mi ní. "Ó ti gbọ́."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn ọmọ arúgbó yẹn dà?"

Bọ̀sẹ̀dé wojú rẹ̀, kò mọ ẹni tó ń bi. Èmi mọ̀. Èmi ló ń bi.

"Ọ̀kan ṣoṣo ló bí, mà. Ọsirélíà ló wà."

"Ó jìn?"

"Ó jìn ju ibi tí èmi wà lọ."

"Ó máa ń pè é?"

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mà."

"Sọ fún un pé tí ọmọ náà bá pè, kó máa gbé e."

Mo sọ fún Mágí. Ó ní, "Sọ fún un pé mo máa ń gbé e." Ó ti ṣí fúláàsì rẹ̀ nígbà yẹn, ó bu ọbẹ̀ sínú ìdérí rẹ̀, ó fi búrẹ́dì lé e lórí, ó sì nà án sí mi. Ọwọ́ kan ni mo fi gbà á, fóònù wà ní èkejì. Mo ti yí fóònù padà sí ara mi kí n lè dágbére, nítorí náà ó hàn kedere ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀.

"Kí ló gbé fún ọ yẹn?"

"Ọbẹ̀ ni, mà. Àti búrẹ́dì."

Mo rí gbogbo ojú rẹ̀ wàyí. Erùpẹ̀ kòkó wà ní iwájú orí rẹ̀. Ó wo ọbẹ̀ náà, ó wo obìnrin tó dé fìlà pupa lẹ́yìn mi, ó wò mí.

"Jẹ ẹ́ kó tó tutù," ó ní.